Alárinà Inú Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ní Ìbàdàn. Ìyá mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na ìka sí mi. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni mo máa ń gún, torí kì í dùn wọ́n tó góńgó rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yọ, kò tó hóró jéró. Mo gbé ẹnu sítírípù sún mọ́ ọn, ó fà á wọlé fúnra rẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ka márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. 138.

"Èló ni?"

"Ó sàn ju ti àná lọ, Màmá."

Wọ́n dìde lọ fọnu. Èmi ṣì di sítírípù náà mú, mò ń ro ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn.

*

Ẹ́ńsáìmù kan wà ní ẹnu sítírípù tó mọ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní glúkóòsì yàtọ̀ sí gbogbo ohun mìíràn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Glucose oxidase ni wọ́n ń pè é. Ara Aspergillus niger ni wọ́n ti sábà máa ń rí i, ohun dúdú bí èédú yẹn tó máa ń hù lára àlùbọ́sà tó bá ti ń bàjẹ́. Bí ẹ́ńsáìmù yìí bá ti gbá glúkóòsì kan mú, ó gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ibi tó kó wọn sí ni wàhálà: inú lọ́hùn-ún, bí ẹni fi owó pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í fò jìnnà, ẹlẹ́kítíróòdù tó wà níta ò sì lè nawọ́ débẹ̀. A ní láti wá ẹni tó kéré tó láti wọlé, tó sì yá lẹ́sẹ̀ tó láti jáde.

Alárinà ni mo máa ń pè é. Nínú ìgbéyàwó wa, bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Ti inú sítírípù yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀bá. Bó bá jíṣẹ́ tán, á tún padà lọ gba òmíràn.

*

Ọ́síjìn ni alárinà àkọ́kọ́. Ní 1962, Leland Clark àti Champ Lyons dábàá pé kí wọ́n fi ẹ́ńsáìmù yìí sẹ́nu ẹlẹ́kítíróòdù, kí wọ́n máa wo bí ọ́síjìn ṣe ń dín kù. Àwọn tó tẹ̀lé wọn wá ń wọn hydrogen peroxide tó ń jáde. Ọgbọ́n ńlá ni, àmọ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ kì í dúró sójú kan. Iná tí wọ́n sì ní láti fi fa peroxide pọ̀ débi pé fítámì C àti paracetamol náà ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n.

*

Nínú àwọn alárinà tó rọ́pò ọ́síjìn, ìtàn ferrocene ni mo fẹ́ràn jù. Ní 1951, Kealy àti Pauson ń wá nǹkan mìíràn ní Pittsburgh, ni wọ́n bá rí hóró aláwọ̀ ọsàn kan tí kò jọ ohun tí wọ́n ń retí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e ni ìrísí rẹ̀ tó yé àwọn onímọ̀: irin kan ṣoṣo láàárín òrùka kábọ́ọ̀nù méjì, bí a ṣe ń fi búrẹ́dì há àkàrà láàárọ̀. Ní 1973, Fischer àti Wilkinson gba ẹ̀bùn Nobel lórí irú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kò sẹ́ni tó ń ro ti àtọ̀gbẹ nígbà yẹn. Ọdún 1984 ni àwọn onímọ̀ láti Cranfield àti Oxford ní Ìlú Ọba, Cass, Davis, Hill, Turner àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tó fi ferrocene ṣe alárinà. Kò nílò iná púpọ̀, kò sì gbára lé ọ́síjìn. Nígbà tó di 1987, ẹ̀rọ ExacTech ti wà lọ́jà, ó rí bíi gègé ìkọ̀wé. Èèyàn lè fi sápò.

*

Ferricyanide ni alárinà nínú ọ̀pọ̀ sítírípù mìíràn: irin kan láàárín, cyanide mẹ́fà yí i ká. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, torí májèlé ni gbogbo wa mọ cyanide sí. Àmọ́ irin yẹn dì wọ́n mú pinpin, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń jáde lọ bá a. Òun kì í wọnú ara wa.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Irin tó ti pàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù, ó ku méjì. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kítíróòdù, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún padà di onímẹ́ta. Iná táṣẹ́rẹ́ tí èyí ń mú wá ni ẹ̀rọ kà, tó sọ di 138.

*

Alárinà mìíràn ni osmium, àmọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Adam Heller, ní Yunifásítì Texas ní Austin, so ó mọ́ okùn pólímà gígùn, ó sì po ẹ́ńsáìmù mọ́ ọn. Osmium kan gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù fún èkejì, bí àwọn lébìrà ṣe ń ju búlọ́ọ̀kù láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí yóò fi dókè. Nítorí pé okùn dè é, kò lè ṣí lọ sínú ara, ìyẹn ni èèyàn ṣe lè gbé ẹ̀rọ FreeStyle Libre, tó jáde ní Yúróòpù ní 2014, sápá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá.

*

Àbúrò mi láti London: "Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni ti Màmá?" Mo ní 126. Ó pariwo. Mmol/L ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, mg/dL ni ẹ̀rọ tiwa ń kà. Ẹ fi 18 pín in: 7 ni.

*

Lọ́jọ́ Àìkú kan, 312 ló jáde. Àyà mi já. Mo tún ọwọ́ ìyá mi gbé, òórùn ọsàn ni mo gbọ́. Wọ́n ti bó mẹ́ta fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn, wọn ò sì fi ẹyọ kan kan ẹnu. Mo ní kí wọ́n lọ fi ọṣẹ fọwọ́. A tún un ṣe: 141. Ṣúgà ni alárinà bá, ṣúgà ló ròyìn. Kò mọ ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbàlagbà nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọ ọwọ́ wọn, kí ó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó gún un. Ẹ má sì ṣí ìgò sítírípù sílẹ̀: ọ̀rinrin á ba alárinà àti ẹ́ńsáìmù jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wọn.