Ọwọ́ Tó Ń La Nígbà Ọyẹ́

Ọ̀pọ̀ yín ló bi wá níbi ìpàdé pé kí la fi wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa, torí ẹ rí i pé ó ti ń bọ èèyàn lọ́wọ́ padà. A ní ká kúkú kọ ọ́ síbí, kí gbogbo wa jọ kà á.

Àwa mẹ́ta la jọ ń ta oúnjẹ. Ẹni tó bá ti ta oúnjẹ rí mọ̀ pé inú omi ni iṣẹ́ yẹn wà. Abọ́ àárọ̀ ò tíì gbẹ tí abọ́ ọ̀sán fi ń dé. Ọṣẹ oníyẹ̀fun nìyí, omi tútù tí mẹ́rúwà gbé wá nìyí, ata rodo nìyí, àlùbọ́sà nìyí. Nígbà tí a wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ yìí náà là ń ṣe, ọwọ́ ò ṣe wá báyìí. Ṣùgbọ́n orí òkè ni Jos wà, ó ga ju 1,200 mítà lọ, ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ ilé wa. Awọ ara ní ọ̀rá tirẹ̀ tó fi ń bo ara rẹ̀. Ọṣẹ á fọ díẹ̀ lọ, omi á fọ díẹ̀, ọyẹ́ á wá gbá èyí tó kù.

Ti àwa méjì ò ju kó gbẹ kó máa yún wa lọ. Ti ẹ̀gbọ́n wa ló le. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ olómi ló kọ́kọ́ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀, tí wọ́n ń yún un débi pé kì í sùn lóru. Nígbà tí wọ́n bẹ́, awọ ibẹ̀ le, ó dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ní oríkèé ìka àti àtẹ́lẹwọ́. Tó bá di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á yọ. Ata ò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Ṣíbí ló fi ń jẹ àmàlà! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí ọwọ́ yẹn níbi tó ti ń bu ìrẹsì, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní “ƙazuwa.” Kì í ṣe kasuwa tó jẹ́ ọjà o, kúrúnà ló ń wí. Wọn ò jókòó, wọ́n bá tiwọn lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti ń gbé ìkòkò tó ṣẹ́ kù lọ sílé. Èyí tó dùn wá jù tiẹ̀ tún ni ti ìkómọ kan láàárín àwa Yorùbá fúnra wa. Gbogbo èèyàn ni wọ́n fi obì lé lọ́wọ́, ilẹ̀ ni wọ́n gbé ti ẹ̀gbọ́n wa sí níwájú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe kúrúnà. Kòkòrò tín-tìn-tín ló ń fa kúrúnà, ó sì máa ń ràn káàkiri ilé. Ẹ́kísímà ni dókítà pe èyí, kì í ràn rárá. Àwa tí a jọ ń sùn sínú yàrá kan náà, tí a jọ ń fi aṣọ kan nu ọwọ́, kò ràn wá. Ẹ lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ sì lè jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn pọ̀ o. Ẹnì kan ní imí ọjọ́, òmíràn ní ewé àsunwọ̀n. Ewé yẹn dára fún làpálàpá, a ò jiyàn, àmọ́ eléyìí kì í ṣe làpálàpá. Ọsàn wẹ́wẹ́ lórí awọ tó ti la? Ìyà ni. Àwọn kan ní ayé ló wà ńbẹ̀. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ìpara inú túùbù tí wọ́n ń pè ní ti oògùn mẹ́ta. Sítẹ́rọ́ọ̀dì líle wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó bá ń fi pa ara lójoojúmọ́ fún oṣù púpọ̀, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́.

Sítẹ́rọ́ọ̀dì náà ni dókítà kọ fún un, àmọ́ ó ní iye ọjọ́ àti ìwọ̀n: kó fi pa ọwọ́ nìkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó má dé ojú, kó sì padà wá kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní tí ọyún bá jáde, tí èépá rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tàbí tí ọwọ́ bá wú tí ibà sì gbé e, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ìyókù dọwọ́ wa. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá kan omi, a ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ láì fi ra á, a ó sì fi òrí tàbí fasilíìnì pa á kí awọ tó gbẹ tán. Lálẹ́, á fi pa á nípọn, á wọ ìbọ̀wọ́ òwú sùn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la ń lò, kì í ṣe gbígbóná. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lọ́wọ́, torí ọṣẹ máa ń há sábẹ́ rẹ̀ (ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ lejú, ó padà yé e). Ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún fífọ abọ́, ti òwú lábẹ́ rẹ̀, kó sì bọ́ ọ kí òógùn tó kún inú rẹ̀.

Àmọ́ tí ẹ bá bi wá, ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni pé a pín iṣẹ́ tuntun. Ọmọ orógùn àti ṣíbí ìbùkọ́bẹ̀ ni tirẹ̀ báyìí, kì í fọ abọ́, kì í gé ata. A gba ọmọbìnrin kan tó ń fọ abọ́, owó rẹ̀ sì ń jẹ nínú èrè wa. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ la ti fún òun náà ní ìbọ̀wọ́ àti òrí, torí ọwọ́ tirẹ̀ náà awọ ni.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa ti jọ̀lọ̀ báyìí, àpá dúdú ló kù. Dókítà ní inú awọ ò tíì jinná bí ojú rẹ̀ ṣe rí, pé kó máa bá ìtọ́jú lọ fún oṣù mélòó kan sí i. Oníbàárà ti ń padà, kì í ṣe gbogbo wọn.

Òrí wa ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ fún wa kó tó tán.