Kí Ọkọ̀ Tó Gba Iná, Kó Kọ́kọ́ Kí Ará Ilé

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ní 2024, òórùn rọ́bà tó ń jó ló jí mi lójú oorun. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló ń sun táyà níta. Àṣé ẹ̀yìn wíńdò wa ni: sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a fi wáyà ọkọ̀ Bọ̀dá sí ló ń yọ́ bí àbẹ́là. Kí n tó sáré dé ìdí rẹ̀, nǹkan dún "gbòà" lórí òpó, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn.

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì, 300 level ni mo wà nígbà náà, èmi náà ni wọ́n sì bi léèrè kí wọ́n tó ṣe é.

Kétu ni ilé wa wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, ibi tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Mile 12 láàárọ̀ lọ ra tòmátò. Ìdílé mẹ́jọ là ń gbé inú ilé náà. Bọ̀dá, àbúrò bàbá mi, ń fi ọkọ̀ gbé èrò. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, apá tó pọ̀ nínú owó tó ń pa lójúmọ́ ló ń padà sí ilé epo. Nígbà tó rí Nissan Leaf tòkunbọ̀ kan tó wá láti Amẹ́ríkà, ó ta ọkọ̀ tó ní, ó fi owó àjọ lé e, ó rà á. "Èmi àti ilé epo ti parí," ló ń sọ kiri àdúgbò.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kò rí bíi ti ọkọ̀ epo. Ẹnu táǹkì ọkọ̀ epo wo ni ilé epo kò lè da epo sí? Ṣùgbọ́n ihò méjì ló wà ní imú Leaf yẹn. Èyí kékeré ni wọ́n ń pè ní Type 1, tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti Japan ń lò fún iná ilé. Èyí ńlá ni CHAdeMO, tí àwọn ará Japan ṣe fún ṣájà tó yára. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe fún Yúróòpù, Type 2 ni ẹnu tirẹ̀. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2014 ló sọ ọ́ di ti gbogbogbòò níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe fún ọjà Ṣáínà, GB/T ni. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í sì í béèrè irú ẹnu tí àwa ní níbí kó tó gúnlẹ̀ ní èbúté.

Wáyà tó bá ọkọ̀ náà wá, 120 volt ni wọ́n ṣe é fún. 230 ni iná tiwa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Bọ̀dá fi wá òmíràn kiri kó tó rí èyí tó ní pulọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní apá kan, tí Type 1 wà ní apá kejì. Àpótí kékeré kan wà láàárín rẹ̀, bọ́tìnì sì wà lára àpótí náà tí èèyàn fi ń yan bí iná tí ọkọ̀ yóò fà ṣe máa pọ̀ tó: 6, 8, 10 tàbí 13 ampere.

"Ẹnjiníà, èwo ni ká fi í sí?" Bọ̀dá bi mí.

Mo wo sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ 13A sí i lára. Mo ní, "Ẹ fi í sí 13. Á tètè kún."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í. Iná 13 ampere ní 230 volt jẹ́ 2,990 watt, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lójú ihò kan. Áyọ́ọ̀nù tilẹ̀ máa ń sinmi bó bá ti gbóná tó. Ọkọ̀ kì í sinmi, yóò máa fà á títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ilé kò lè fara da ìyẹn. Nítorí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wáyà irú èyí tí wọ́n ń tà ní Bìrìtìkó kì í fi í ju 10 ampere lọ.

Ohun kejì tí n kò rò ni fésì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó mọ̀ ọ́n: bí iná fésì kan bá rẹ̀ dòò, gbogbo ayálégbé á yí tiwọn sí èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹyọ kan ló dára. Fáànù gbogbo ilé, pọ́ǹpù omi, fìrísà mẹ́ta Ìyá Ẹlẹ́ja, gbogbo wọn wà lórí rẹ̀. Èmi wá gbé ọkọ̀ lé e.

Ìyá Ẹlẹ́ja ń gbé yàrá iwájú. Títù àti kótè ni wọ́n ń tà ní ọjà Kétu. Ní ọdún tí mo jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn ni wọ́n fún mi lówó fọ́ọ̀mù JAMB. Fíúsì orí òpó àti wáyà tó wọlé ló jóná, ọjọ́ Àìkú ni iná tó padà. Jẹnẹrétọ̀ wọn, irú èyí tí à ń pè ní "I better pass my neighbour", kò lè gbé fìrísà kan, ká má tíì sọ mẹ́ta. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, omi ẹja ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Mo bá wọn dáná, a yan èyí tí a lè yan, a kó ìyókù dànù.

Wọn kò pariwo lé mi lórí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí bí a ṣe jókòó ti ààrò: "Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ yẹn kì í béèrè kó tó mu ni?"

Ìbéèrè yẹn ló lé mi lọ sídìí ìwé ìlànà àgbáyé, IEC 61851, tó sọ bí ọkọ̀ àti ṣájà ṣe gbọ́dọ̀ máa hùwà síra wọn. Mo rí i pé ọkọ̀ náà máa ń béèrè. Yàtọ̀ sí wáyà tó ń gbé iná, wáyà tín-ínrín kan wà tí wọ́n ń pè ní control pilot. Bí nǹkan kan kò bá so mọ́ ọn, 12 volt ló wà lórí rẹ̀. Bí o bá ti kì í bọ ẹnu ọkọ̀, ó á wálẹ̀ sí 9: "Ẹ ǹlẹ́ o, mo ti dé." Bí ọkọ̀ bá ti ṣe tán, á fà á wá sí 6: "Ẹ bù ú wá." Ìgbà yẹn ni àpótí tó lè jẹ́ kí iná ńlá kọjá. Àpótí náà a sì máa fi ìró kan ránṣẹ́ lórí wáyà náà, ìgbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó ló ń sọ iye tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fà. Bó bá gba ìdá 10 nínú 100, 6 ampere ni. Ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Type 1 àti Type 2, ìkíni kan náà ni wọ́n ń lò.

Ọkọ̀ béèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àpótí ló dá a lóhùn pé 13, nítorí pé 13 ni mo fi sí i lẹ́nu. Àpótí kò mọ fésì, kò mọ fìrísà, kò mọ Ìyá Ẹlẹ́ja. Ọkọ̀ kí ṣájà, ṣájà kí ọkọ̀, kò sí ẹni tó kí ilé.

Ìlànà wà fún ìyẹn náà. Àwọn ṣájà kan wà tó ń wo iye iná tí gbogbo ilé ń lò, tí yóò dín ti ọkọ̀ kù bí ti ilé bá pọ̀. OCPP ni èdè tí ṣájà fi ń bá kọ̀ǹpútà tó ń darí ọ̀pọ̀ ṣájà sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn má baà mu iná lẹ́ẹ̀kan náà. ISO 15118 jẹ́ kí ọkọ̀ àti ṣájà jọ ṣètò ìgbà tí yóò gba iná. Apá rẹ̀ tó jáde ní 2022 fàyè gba kí ọkọ̀ dá iná padà.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Láti 2012 ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ kan ní Japan tó ń gba ihò CHAdeMO inú Leaf fa iná láti inú bátìrì rẹ̀ sínú ilé. Ìyẹn ni pé ní gbogbo ìgbà tí ẹja Ìyá ń yọ́, iná tó lè gbé fìrísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún odindi ọjọ́ kan, ó kéré tán, wà nínú ọkọ̀ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn. A kàn ń wò ó ni. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá a sọ̀rọ̀ nílé wa.

Ní ìpàdé ilé, lándílọ́ọ̀dù ní kí ọkọ̀ náà kúrò ní ọgbà òun. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sì mú ìwé wá. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: Bọ̀dá yóò fa wáyà tirẹ̀ láti ìdí mítà rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí yóò já a bí iná bá pọ̀ jù, 6 ampere ni, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, láti aago 11 alẹ́ di aago 6 àárọ̀, kò sì gbọdọ̀ wà lórí fésì tí fìrísà bá wà. 1,380 watt nìyẹn. Bátìrì kì í kún. Bọ̀dá ń ráhùn pé òun ń pàdánù èrò ọ̀sán, òótọ́ sì ni. Ó san owó ẹja ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Ìyá sì gbà á, nítorí owó àjọ ni wọ́n fi rà á.

Ọkọ̀ kan péré nìyẹn o. Bí 100 ilé tó ń lo tiransifọ́mà kan bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí 13 ampere lálẹ́ kan náà, nǹkan bíi 300 kilowatt ni. Tiransifọ́mà 300 tàbí 500 kVA ló wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ó sì ní ẹrù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti 2023 ni LAMATA àti Oando ti gbé bọ́ọ̀sì oníná jáde fún ìdánwò ní Èkó. Tòkunbọ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin iná tirẹ̀ láti 2024. Bí wọ́n bá ń kọ ìlànà tó máa tẹ̀ lé e, kí wọ́n yan irú ẹnu kan fún ṣájà ìgboro, kí wọ́n sì ní kí ṣájà tí yóò wọ ilé elérò púpọ̀ mọ bí a ṣe ń dín kù. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ 300 level ni yóò máa yan nọ́ńbà.

Nílé wa, títí dòní, bó bá ti di aago 11, Bọ̀dá á kan ilẹ̀kùn yàrá iwájú.

"Ẹ káalẹ́, mà. Fésì wo lẹ wà?"

"Ti àárín ni mo wà. Lọ sí ti ẹ̀gbẹ́."

Ìgbà náà ló tó lọ ki wáyà bọ ẹnu ọkọ̀.