Aláta Múṣin Nínú Àròkọ Ọmọ SS2

Ojú ewé méjì àti ààbọ̀ ni, lórí tákàdá onílà tí wọ́n ya láàárín ìwé. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì SS2 ló kọ ọ́. Orí-ọ̀rọ̀ wà lókè, ó fi rúlà fa ìlà sí i nídìí: ‘Èdè abínibí ló yẹ kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.’ Àmì ohùn rẹ̀ kò pé, bírò aláwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ń dà níbi tó bá ti tẹ̀ ẹ́ jù.

Àwọn àròkọ alárìíyànjiyàn yòókù tí mo máàkì lálẹ́ ọjọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ bákan náà: alága ọ̀wọ́n, ẹ̀yin onídàájọ́ tí kì í ṣojúsàájú, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi. Kí wọ́n tó kí gbogbo ilé tán, ìpínrọ̀ kan ti lọ, a kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ti ọmọ yìí yàtọ̀. Ó ní ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè ìyá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ó wá béèrè pé kí ló yí padà láàárín ọdún mẹ́ta. Ta ni kò ní fẹ́ kà á síwájú?

Mo rò pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka kókó ni, lọ́nà kìíní, lọ́nà kejì. Alátakò ló kọ́kọ́ pè jáde. Ó mú obìnrin aláta kan ní Múṣin wá, tó ń dá àjọ kó lè rówó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san, nítorí kí ọmọ náà lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin yìí ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe WAEC àti JAMB, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ó ní ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ègùn wà ní kíláàsì ọmọ òun: èdè ìyá ta ni kí tíṣà fi kọ́ wọn? Èmi tí mo ń fi Yorùbá jẹun gan-an, orí ni mo ń mì. Ọmọ mìíràn ìbá ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀. Èébú nìyẹn, èsì kọ́.

Nígbà tí ó kan ẹ̀rí, Ifẹ̀ ló kó wa lọ. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni àwọn ọmọ kan fi kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Àwọn kejì fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé dé òpin kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, nítorí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti yíjú sí aláta rẹ̀: ‘Ẹ má fòyà, ìyá mi, ọmọ yín á sọ Gẹ̀ẹ́sì.’ Mo rẹ́rìn-ín.

Òwe kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀rí ló sì dé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá fi ‘ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́’ jiyàn, ẹlòmíràn á fi ‘ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́’ dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á sì dúró sójú kan.

Ojú ewé kejì ni iṣẹ́ ti le fún un, níbi tó ti fẹ́ dáhùn ọ̀rọ̀ kíláàsì elédè púpọ̀. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́. Lábẹ́ ìlà tó fi pa á rẹ́, mo ṣì lè rí i kà pé kí àwọn ọmọ àlejò yáa gbọ́ Yorùbá. Èyí tó wá fi sílẹ̀ ni pé àbá òun kò tíì dé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá ti ń sọ èdè kan náà ni òun ń bá wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré sí i, ó sì ṣòroó bì ṣubú. Bí mo bá ní kí n fi ibì kan han kíláàsì, ibi ìparẹ́ yẹn ni.

Ìgúnlẹ̀ rẹ̀ kúrú: kí ìjọba fi ilé-ẹ̀kọ́ kan dán an wò ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìwé sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé pé, ‘Owó ta ni wọn yóò fi tẹ ìwé náà?’ Mo yọ máàkì méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi. ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ford Foundation ló fún àwọn ará Ifẹ̀ lówó.’

‘Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?’

‘Tí mo bá kọ ọ́, sà, ẹ ó bi mí pé ta ló máa fún wa báyìí.’