Magboro: Níbo Lẹ Ti Ń Dìbò?

Magboro lẹsẹ̀ gbé mi dé lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Bẹ́gà, tí ẹ gun afárá gígùn kọjá, Arepo lẹ ó kọ́kọ́ bá, kí ẹ tó dé ibẹ̀. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ló fà á tí èrò fi ya bò ó. Ìdájí ni wọ́n ń sáré lọ Èkó. Alẹ́ ni wọ́n ń padà wá sùn.

Ní Sátidé, mo yà ní ìpàdé àdúgbò kan. Owó ọ̀nà, owó òpó iná, owó ọlọ́dẹ, òun náà ni wọ́n ń dá. Ìyá aláta kan ní, "Àbí ìjọba ò sí níbí ni?"

Mo ní, "Ó wà, ìyá mi. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé lẹ wà, Owódé-Ẹ̀gbá ni ọ́fíìsì wọn. Níbo lẹ ti ń dìbò?"

Ó ní Mushin! Ó sì ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún 12. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́wọ́ pé Èkó ni káàdì tàwọn náà wà. Ẹ̀rín bá dá.

Ẹ gbọ́ ná: kánsẹ́lọ̀ wo ni yóò bẹ̀rù ẹni tí kò lè dìbò yọ ọ́? Bí INEC bá ti ṣí ìforúkọsílẹ̀, ẹ lọ gbé orúkọ yín wá sí àdúgbò yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ibi tí òjò ti ń pa wá la ti ń tún òrùlé ṣe.