Al-Qurn, Òkè Tó Ń Wo Àwọn Agbẹ́bojì

Tí èèyàn bá wọkọ̀ ojú omi ní Luxor, tó sọdá odò Náílì sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, oko ni yóò kọ́kọ́ pàdé: ìrèké, ewébẹ̀, àlìkámà, àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n di koríko rù. Lẹ́yìn náà ni ewéko á tán bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lè wà lórí ilẹ̀ tútù kí tòsì wà lórí iyanrìn gbígbẹ. Ibẹ̀ ni àwọn òkè ti dìde, tí ọ̀kan sì yọrí láàárín wọn. Al-Qurn ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ó fi díẹ̀ lé ní 400 mítà sókè ìtẹ́jú òkun, ọ̀pọ̀ òkè ni kò sì ní kà á sí ẹgbẹ́. Síbẹ̀, mi ò mọ òkè mìíràn ní Íjíbítì tí àwọn tó ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rù tó bẹ́ẹ̀.

Kò sí igi lórí rẹ̀, kò sí koríko. Òkúta ẹfun ni gbogbo ara rẹ̀, akọ òkúta há sí i lára káàkiri, àfọ́kù sì ń yọ̀ lábẹ́ bàtà ẹni tó ń gùn ún. Láàárọ̀, tí oòrùn bá yọ láti òdìkejì odò, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Lọ́sàn-án, á funfun débi tí yóò máa ta èèyàn lójú. Nírọ̀lẹ́, oòrùn á wọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, òjìji rẹ̀ á sì nà lọ sí ọ̀nà oko. Ìhà ibẹ̀ ni àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe ilẹ̀ àwọn òkú, torí pé ibẹ̀ ni oòrùn ń lọ lálaalẹ́.

Ẹni tó bá wọ àfonífojì tó wà lẹ́yìn òkè náà, tó gbójú sókè, pírámídì ni yóò rí. Àwọn Fáráò ìgbà ìwáṣẹ̀ ti kọ́ pírámídì tiwọn sí ìhà àríwá ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú. Àwọn tó jẹ lẹ́yìn wọn ní Thebes, ìlú tó di Luxor lónìí, gbẹ́ ibojì sábẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò kọ́. Ibojì àti ihò tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 60, ti Tutankhamun tí Howard Carter rí lọ́dún 1922 sì wà lára wọn. Bóyá ìrísí òkè yẹn ló fà wọ́n. Lójú tèmi, ọgbọ́n àtisá fún olè náà wà níbẹ̀: pírámídì tèèyàn kọ́ ń pe olè láti ọ̀nà jíjìn.

Àwọn tó gbẹ́ ibojì yìí ló wù mí ju àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ lọ. Abúlé wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì òkè, níbi tí à ń pè ní Deir el-Medina lónìí: nǹkan bí 70 ilé, ògiri yí wọn ká, iyàrá tẹ̀lé iyàrá, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tó gorí òrùlé. Wọ́n gbé ibẹ̀ ju 400 ọdún lọ. Omi ò sí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń pọn ọ́n wá láti ìsàlẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ gbẹ́ kànga kan tó jìn ju 50 mítà lọ, wọn ò kan omi, ni kòtò náà bá di ààtàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì àti pẹlẹbẹ òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí ni wọ́n ti hú jáde níbẹ̀: gbèsè, ẹjọ́, lẹ́tà, iye aṣọ tó lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ̀sẹ̀ wọn. Tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gba ojú ọ̀nà tóóró orí òkè lọ sí àfonífojì, wọ́n á máa sùn sínú àhéré olókùúta lórí òkè, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wálé ìyàwó lópin ọ̀sẹ̀. Akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Qenhirkhopeshef tiẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àpáta níbi tó máa ń jókòó sí lábẹ́ òjìji, bóyá kí ẹlòmíì má bàa gbà á.

Ọ̀kan nínú òkúta wọn wà ní Ilé Ọnà British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, láti ọdún 40 ìjọba Ramesses Kejì. Ìwé àwọn tó pa iṣẹ́ jẹ ni. Àkekèé ta ẹnìkan. Ojú ń dun ẹnìkan. Ẹnìkan ń ṣe ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀, òmíràn ń pọn ọtí. Àwọn mìíràn wà nílé torí ìyàwó tàbí ọmọbìnrin wọn ń ṣe nǹkan oṣù. Ọ̀gá èyíkéyìí lónìí ì bá bínú sí àwáwí ọtí yẹn, àmọ́ akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Òkè náà gan-an ni wọ́n ń bọ. Meretseger ni wọ́n ń pe òrìṣà rẹ̀, ìyá tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́, tó máa ń yọ bí ejò sèbé. Ẹni tó bá ń sùn láàárín àpáta mọ ìdí tó fi jẹ́ ejò. Òṣìṣẹ́ kan, Neferabu, gbẹ́ ẹjọ́ ara rẹ̀ sára òkúta kan tó wà ní Turin báyìí. Ó ní òun ṣẹ òkè náà, òkè sì fi ìyà jẹ òun, òun jókòó lórí bíríkì bí aboyún tó ń rọbí, òun ń pe afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ò dáhùn. Nígbà tó bẹ̀bẹ̀, òkè ṣíjú àánú wò ó. Ó wá kìlọ̀ fún tàgbà tèwe inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra. Ohun tó ṣe gan-an, kò sọ ọ́.

Fáráò ò rí irú ìbẹ̀rù yẹn gbà. Ní ọdún 29 ìjọba Ramesses Kẹta, tí ọkà tí ó jẹ́ owó oṣù wọn ò dé, wọ́n ju irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ḿpìlì, wọ́n ní ebi àti òǹgbẹ ló lé àwọn débẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọba. Ìyanṣẹ́lódì tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ jù tí a mọ̀ nìyẹn.

Àmọ́ òkè náà kò dá gbogbo ọwọ́ dúró. Wọ́n fẹ̀sùn kan Paneb, olórí òṣìṣẹ́, pé ó kó òkúta ibojì Seti Kejì lọ fi kọ́ tirẹ̀, tó sì jókòó lórí pósí ọba. Amennakht tó fẹ̀sùn kàn án ń fẹ́ ipò náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra gbà á gbọ́. Nígbà tí agbára ìjọba wá dín kù, olè wọ àfonífojì wìtìwìtì. Àwọn àlùfáà kó òkú àwọn ọba jọ, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú ihò kan lára òkè ní Deir el-Bahari.

Ìdílé kan tó ń gbé ní Qurna, ẹsẹ̀ òkè náà, ló rí wọn, wọ́n sì ń ta ẹrù inú ihò náà díẹ̀díẹ̀ títí àṣírí fi tú lọ́dún 1881. Ju 40 òkú ni wọ́n gbé jáde, Ramesses Kejì wà nínú wọn. Bí ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Káírò ti ń kọjá, àwọn obìnrin etí odò ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń yìnbọn sókè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún òkú ara wọn.