Írísì, Bàáká àti Ilẹ̀ Iyanrìn

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní òrìṣà obìnrin kan tí ó máa ń jíṣẹ́ láàrin ọ̀run àti ayé. Írísì ni orúkọ rẹ̀, òṣùmàrè sì ni ọ̀nà tí ó ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ yìí ni a fún òdòdó kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ bí ti òṣùmàrè. Ìtàn náà kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ó mọ Òṣùmàrè ní òrìṣà, tàbí sí aládùúgbò rẹ̀ tí í ṣe Fọ̀n, tí ó ń pè é ní Dan Ayidohwedo.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní ìlú Dijon. Ní oṣù karùn-ún ọdọọdún, ó máa ń fi àwòrán írísì ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Kútọnu. Lọ́dún yìí, ó fi kún un pé: “Bàbá mi, ẹ gbin díẹ̀ sí Akpakpa. Bí kò bá tanná, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa.” Ó jọ àwàdà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, mo mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni.

Kò lè tanná níhìn-ín. Nǹkan bí 300 oríṣi írísì ni ó wà, apá àríwá ayé sì ni orírun gbogbo wọn. Èyí tí àwọn Faransé ń gbìn jù ní iṣu tí ó ń rá lórí ilẹ̀ bí atalẹ̀. Wọn kì í rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Oòrùn gbọ́dọ̀ máa kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ lo oṣù mélòó kan nínú òtútù kí ó tó lè rúdi. Ọyẹ́ tiwa kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Láàrin adágún Nokoué àti òkun ni ìlú wa wà, lórí iyanrìn. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi a gòkè lábẹ́ ilẹ̀, iṣu náà a sì jẹrà.

Ṣùgbọ́n írísì ní ìbátan lọ́dọ̀ wa. Bàáká jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá mi, ọmọ Kétu, a máa gbìn ín sí ẹ̀bá ògiri nítorí àgbo. Ewé rẹ̀ dà bí idà, òdòdó rẹ̀ pupa, ó sì ní ìyeyè nínú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé náà a gbẹ, iṣu rẹ̀ a sùn nínú ilẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi dé. Òun náà ń sùn, ṣùgbọ́n ọ̀dá ni ó ń sùn fún, kì í ṣe òtútù. Bàáká yìí wà lára àwọn baba ńlá òdòdó “glaïeul” tí wọ́n ń tà ní ọjà òdòdó ilẹ̀ Yúróòpù.

Ìbátan kejì ti Brazil wá: Neomarica. Mo kọ ebè gíga fún un kí omi má baà dúró nídìí rẹ̀. Mo po ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ àti ewé jíjẹrà mọ́ iyanrìn, mo sì gbìn ín síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án, tí ìbòòji máńgòrò sì ń dé lọ́sàn-án. Òdòdó rẹ̀ a là láàárọ̀, a sì ká kó di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ọmọ a yọ lórí igi òdòdó; bí ó bá wúwo, igi náà a tẹ̀ kanlẹ̀, ọmọ a sì ta gbòǹgbò níbi tí ó balẹ̀ sí. Ẹnikẹ́ni kì í fà á padà sídìí ìyá.

Mo ti fèsì fún ọmọ mi. N ó wá ní oṣù karùn-ún tí ń bọ̀, kí n fi ojú ara mi rí írísì rẹ̀, kí n sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní orúkọ tí a ń pe bàáká. Lẹ́yìn oṣù kan, n ó padà sí Akpakpa. Òjò yóò ti pọ̀ nígbà náà, ó sì yẹ kí ẹnìkan wà nílé láti la ojú àgbàrá.