Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọdún 2022, nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí mo mú ìwé pélébé kan lọ́wọ́, tí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a kọ sórí rẹ̀ sì mú kí ẹsẹ̀ mi máa gbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà fún yín, nítorí pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ti èmi nìkan.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìbejì, ń ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Ní ìparí ọdún 2019, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 41, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Kí ni ẹ rò pé a pe àìsàn náà? Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni kò mọ jẹ̀díjẹ̀dí nílẹ̀ wa? A ní ṣúgà ni ó fà á. A ní kí wọ́n yé mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. A ra àgbo jẹ̀dí, wọ́n ń mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n tilẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tí ó dá wọn lóhùn níbẹ̀ kò fi ọwọ́ kàn wọ́n rárá tí ó fi kọ oògùn jẹ̀dí fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi ètè sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá fún ohun tí ó lé ní ọdún kan. Wọ́n ń rù, a ní ìrònú ọjà ni. Ìgbọ̀nsẹ̀ wọn le lónìí, ó ṣàn lọ́la, a ní oúnjẹ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, òòyì kọ́ wọn, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ nínú ìsọ̀ wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára wọn.

Ní ilé ìwòsàn ńlá tí a gbé wọn lọ, a fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára. Dókítà wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka yẹ ìdí wọn wò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ní iná lórí gba ìdí bọ inú ìfun, tí wọ́n sì bù díẹ̀ lára kókó tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àrùn jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní CEA. Nọ́ńbà tí ó jáde jẹ́ 38, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kò yẹ kí ó ju 5 lọ.

Mo tọ dókítà náà lọ, ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo lè bí ní àbúrò. Mo ní, "Dókítà, ṣé ikú ni nọ́ńbà yìí ń sọ?" Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ńbà yìí dà bí ajá ilé. Bí ajá bá gbó lóru, ó lè jẹ́ olè ni ó rí, ó sì lè jẹ́ àlejò. Iṣẹ́ ti ajá ni kí ó gbó. Iṣẹ́ tiwa ni kí a tan iná, kí a yọjú wo ohun tí ó wà níta." N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí títí di òní.

Ohun tí ó là mí lóye lọ́jọ́ náà, tí mo sì tún kà nínú ìwé lẹ́yìn náà, nìyí. Ní ọdún 1965, àwọn onímọ̀ méjì kan, Phil Gold àti Samuel Freedman, ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal, ilẹ̀ Kánádà, kéde pé àwọn rí èròjà kan nínú jẹjẹrẹ ìfun tí àwọn kò rí nínú ìfun àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá. Níbo ni wọ́n tún ti rí i? Nínú ìfun ọlẹ̀ tí ó ṣì wà ní ikùn ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gbọ́ ohun ìyanu! Èròjà tí ìfun ọmọ wa ń ṣe nígbà tí ó wà nínú wa, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ rẹ̀ dúró tán kí a tó bí i, òun ni jẹjẹrẹ tún ń jí dìde nínú ara àgbàlagbà. Ní ọdún 1969, àwọn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ọ̀nà tí a lè gbà wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ hàn. Inú ayé dùn, wọ́n rò pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yóò máa tú àṣírí jẹjẹrẹ fún gbogbo ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá náà ní díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń mu sìgá a máa ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn ẹ̀dọ̀ tàbí egbò inú ìfun lè gbé e sókè. Jẹjẹrẹ ìfun mìíràn sì wà tí kì í mú un jáde rárá.

Kí ni a wá fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ aláìsàn yóò ti rí lọ́jọ́ iwájú? Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí àrùn náà rìn dé. Ní ọdún 1932, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Cuthbert Dukes, ní ilé ìwòsàn St Mark's ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìpín rẹ̀ fún ayé: ṣé inú awọ ìfun ni àrùn náà ṣì wà, àbí ó ti dá a lu, àbí ó ti dé inú àwọn kókó kéékèèké tí ó wà lẹ́bàá ìfun? Bí ó bá ṣe rìn jìnnà tó ni ìwòsàn rẹ̀ ṣe ń le tó. A ti tún ìpín náà ṣe láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Nọ́ńbà CEA tí ó ga kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹ́ ẹ̀rí kan sí i pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ aláìsàn náà gidigidi. Àwọn àmì mìíràn tún wà nínú kókó náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2021, àwọn oníwádìí láti Ilé-Ifẹ̀ àti láti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ní New York kọ̀wé pé oríṣi jẹjẹrẹ ìfun kan, èyí tí àtúnṣe àbùdá ti bàjẹ́ nínú rẹ̀, pọ̀ lára àwọn aláìsàn ọmọ Nàìjíríà ju lára àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wọ́n wé lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, nítorí pé oògùn wà tí ń ran agbára ara lọ́wọ́ láti bá oríṣi yẹn jà.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹ̀gbọ́n mi ní oṣù kẹrin ọdún 2021. Àrùn náà ti dé inú kókó méjì lẹ́bàá ìfun, nítorí náà wọ́n gba oògùn jẹjẹrẹ fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ìparí ọdún, nọ́ńbà náà ti di 2. A dúpẹ́, a jó. Dókítà sọ fún wa pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí a máa padà wá.

Ibí yìí ni ẹ̀bi mi wà, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, owó ilé-ìwé àwọn ìbejì dé. Èmi ni mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ san owó ọmọ. Ṣebí 2 ni wọ́n rí? Ara yín ti yá." Ní oṣù kẹfà, ìgbéyàwó kan dé nínú ẹbí, a ti san owó aṣọ ẹbí, mo tún ní kí a fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. Nígbà tí a padà dé ibẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, 6 ni mo rí lórí ìwé pélébé náà.

Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀fà kò jìnnà sí àrún. Ṣùgbọ́n dókítà kò fi ẹ̀rín dá mi lóhùn. Ó ní kí a tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní yàrá àyẹ̀wò kan náà, nítorí pé ìwọ̀n ibi kan lè yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ó di 11. Wọ́n ya àwòrán inú ara wọn, wọ́n sì rí àbàwọ́n kan ṣoṣo lórí ẹ̀dọ̀. Nítorí pé ẹyọ kan ni, tí ó sì wà ní ibi tí ọ̀bẹ lè dé, wọ́n gé e kúrò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí àrùn náà bá dé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń rí irú àǹfààní yìí. Bí a bá tún fi oṣù mẹ́ta sí i ṣe ayẹyẹ, bóyá ẹyọ kan kọ́ ni wọn ì bá rí. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn wọn. Bí ọjọ́ bá pé, ayẹyẹ kan kò lè dí wa lọ́wọ́ mọ́. Nọ́ńbà náà kò tíì ju 3 lọ, Ìyá Ìbejì sì ti padà sí ìsọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ọ̀dọ́ ìyàwó kan ní àdúgbò wa gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀rù bà á, ó sì sáré lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà kankan. Ohunkóhun kò ṣe é rí. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 7. Ó sunkún tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti ń wá ẹni tí yóò bá a wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò délẹ̀, ìfun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń ṣe àìsàn díẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, nọ́ńbà náà sì wálẹ̀. Àlejò ni ajá rí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ yín tàbí ti ọkọ yín, bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ènìyàn bá ń rù láìnídìí, ẹ má ṣe sọ ọ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí títí oníṣègùn yóò fi yẹ ìdí àti ìfun náà wò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà CEA tí ó kéré tù yín nínú nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ẹ sọ fún dókítà, àní bí ara yín bá le. Bí a bá sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ènìyàn yín, ẹ mú ọjọ́ àyẹ̀wò ní ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ yẹ̀: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọdún márùn-ún yóò fi pé. Owó ilé-ìwé ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìyá tí yóò jókòó níbi tí ọmọ ti ń gba ìwé ẹ̀rí náà ṣe pàtàkì.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a pàdánù ẹni tí ó yẹ kí a ṣọ́. Ó dìgbà kan ná o.